Ẹ Bi Wọ́n Pé Ọmọ Mélòó Ló Mọṣẹ́: Lẹ́tà Ṣíṣí Sí Àwọn Kánsẹ́lọ̀ Ilẹ̀ Yorùbá

Ẹ̀yin kánsẹ́lọ̀ wa ọ̀wọ́n, ẹ̀yin tí ẹ jókòó sílé ìgbìmọ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ 137 tó wà ní Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì, títí kan ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ (LCDA) 37 ti Èkó,

Mo kí yín láti Ṣàgámù. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Iṣẹ́ iná mànàmáná ni mo fi ọdún 31 kọ́ àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì mọ̀ pé ó kéré tán, méjì nínú yín ti jókòó ní kíláàsì mi rí. Bí ẹ bá gbọ́ ohùn olùkọ́ nínú lẹ́tà yìí, ẹ forí jì mí. Ọ̀rọ̀ náà ló ká mi lára.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ọmọbìnrin kan ládùúgbò wa wá bá mi nílé. Ìyá rẹ̀ ló ń ta ògì ní ìkóríta wa, láti kékeré ni mo sì ti mọ ọmọ náà. Ó gbé àpò kan kọ́ apá. Ó kọ́kọ́ yọ sàtífíkéètì jáde, tó ti fi ọ̀rá wé dáadáa kí omi má bàa kàn án. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ gàdàgbà, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ó ti kọ́ iṣẹ́ iná sólà, ó sì yege. Àmì mẹ́ta ló wà lókè ìwé náà: ti iléeṣẹ́ ìjọba kan, ti àjọ kan, àti ti kọ́ńpìnnì kan tó bá wọn dá ètò náà sílẹ̀. Ó wá kó ohun tí wọ́n fún un lé orí tábìlì mi lọ́kọ̀ọ̀kan: pínsà kan, tẹ́sítà kan, téépù dúdú méjì, fìlà kan, àti ẹ̀wù tí wọ́n kọ orúkọ ètò náà sí láyà.

Lẹ́yìn náà ló wá béèrè. "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, èwo ni wọ́n kọ́kọ́ ń so mọ́ kọ̀ńtírólà, ṣé bátìrì ni àbí páńẹ́ẹ̀lì?"

Bábà kan ló gbé iṣẹ́ fún un, ó fẹ́ máa fi iná sólà gẹrun. Ọjọ́ kejì ni iṣẹ́ náà. Kọ̀ńtírólà ni ẹ̀rọ tó ń ṣàkóso iná tó ń ti páńẹ́ẹ̀lì wọ inú bátìrì. Mo sọ fún un pé bátìrì la kọ́kọ́ ń so, kí kọ̀ńtírólà lè mọ irú iná tó fẹ́ máa ṣàkóso, ká tó wá so páńẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó bá ṣe é sódì lè ba kọ̀ńtírólà oníkọ̀ńtírólà jẹ́. Ọjọ́ tí ọmọ bá kọ́kọ́ dé iwájú kọ̀ńtírólà ni mo máa ń kọ́ ọ níyẹn. Mo bi í pé kí ni wọ́n wá kọ́ wọn. Ó ní ọjọ́ mẹ́rin ni ètò náà gbà, pé àwọn bí àádọ́rin ló wà nínú gbọ̀ngàn, pé páńẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ló wà níwájú, orí tábìlì ló sì wà títí tí wọ́n fi túká. Ọ̀rọ̀ àwọn àlejò pàtàkì àti fọ́tò yíyà ló jẹ ọjọ́ kẹrin tán. Òun kò fọwọ́ kan wáyà kankan.

Kò sunkún o, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti wálẹ̀ bó ṣe ń dá pínsà náà padà sínú àpò. Mo bá a lọ sí ṣọ́ọ̀bù bábà náà lọ́jọ́ kejì, a sì jọ ṣe iṣẹ́ náà parí.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà ni mo lọ bá kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa. Mo bi í pé ta ló mú orúkọ àwọn ọmọ náà wá, èló ni wọ́n ná sí i, ta ni wọ́n gbé iṣẹ́ ìkọ́ni náà fún. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n ń ya fọ́tò lòun náà gbọ́. Ìtìjú hàn lójú rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, mo sì gbà á gbọ́. Èsì rẹ̀ yẹn ló lé mi dédìí lẹ́tà yìí, torí mo mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan. Owó ń wọ ìlú lórúkọ ìdàgbàsókè ẹkùn, wọ́n ń kó ọmọ ìlú jọ lórúkọ ìkọ́ṣẹ́, ẹni tí ìlú dìbò fún láti máa ṣojú wọn kò sì mọ nǹkan kan sí i.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sí abala 7, ìsọ̀rí kẹta. Ó sọ ọ́ níbẹ̀ pé ojúṣe ìjọba ìbílẹ̀ ni láti kópa nínú ètò ọrọ̀ ajé àti ìdàgbàsókè agbègbè rẹ̀, pé ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ yóò sì ṣòfin láti dá ìgbìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Ẹ tún ṣí i lọ sí Àfikún Kẹrin, níbi tí wọ́n to iṣẹ́ yín sí. Àwọn ará ìlú rò pé ọjà, ibùdókọ̀, ìdọ̀tí kíkó àti orúkọ àdúgbò niṣẹ́ yín. Wọ́n wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi ṣíwájú gbogbo wọn ni pé kí ẹ máa gbé ọ̀rọ̀ ìdàgbàsókè ọrọ̀ ajé yẹ̀ wò, kí ẹ sì máa sọ tẹnu yín fún àjọ tó bá ń ṣètò rẹ̀, títí kan orí àbá tí àjọ náà fúnra rẹ̀ bá gbé wá. Nísàlẹ̀ díẹ̀, wọ́n dárúkọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ̀kọ́ àgbà àti ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ mọ́ ohun tí ìjọba ìbílẹ̀ yóò lọ́wọ́ sí. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́! Ẹni tó bá wọ inú wọ́ọ̀dù yín wá kọ́ àádọ́rin ọmọ ní iṣẹ́ sólà láìsọ fún yín, inú iṣẹ́ tí òfin gbé lé yín lọ́wọ́ ló wọ̀.

Àwọn àjọ tí mò ń sọ yìí kò ṣàjèjì sí yín. Ní 1976, nígbà tí wọ́n pín ìpínlẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn sí mẹ́ta, iléeṣẹ́ Odu'a ni wọ́n kó ogún ajé ẹkùn náà lé lọ́wọ́. Ní 2013, DAWN Commission, àjọ tó ń ṣètò ìdàgbàsókè ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ilé Kòkó, n'Ìbàdàn, kí àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lè jọ máa gbèrò ìdàgbàsókè pọ̀. Ní 2024, ìjọba àpapọ̀ dá iléeṣẹ́ mínísítà fún ìdàgbàsókè ẹkùn sílẹ̀. Ní 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin tó dá South West Development Commission, àjọ ìdàgbàsókè ẹkùn wa, sílẹ̀. Inú mi dùn sí wọn. Èmi tí mo mọ ohun tí wọ́n fi owó kòkó ṣe nílẹ̀ yìí kò lè kórìíra kí ẹkùn wa tún jọ pawọ́ pọ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé gómìnà, mínísítà àti àwọn ọ̀gá kọ́ńpìnnì ni wọ́n jọ ń jókòó, ọ̀rọ̀ a wá di ohun tí wọ́ọ̀dù ń gbọ́ lórí rédíò.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Niger Delta. Ní 2000 ni wọ́n dá NDDC, àjọ ìdàgbàsókè Niger Delta, sílẹ̀ láti tún agbègbè náà ṣe. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, wọ́n gbé àbọ̀ àyẹ̀wò ìṣirò owó àjọ náà lé Abubakar Malami lọ́wọ́, ẹni tó jẹ́ mínísítà fún ètò ìdájọ́ nígbà náà. Nǹkan bíi tírílíọ̀nù mẹ́fà náírà ni ìjọba ní ó wọlé fún àjọ náà láàrin 2001 sí 2019. Àbọ̀ náà ní àkáǹtì báńkì tí wọ́n ń lò jẹ́ 362, pé iṣẹ́ tó sì lé ní 13,777 ni kò lọ bó ṣe yẹ kó lọ. Ẹ jẹ́ ká dúró lórí iye yẹn díẹ̀. Iṣẹ́ 13,777 yìí, inú wọ́ọ̀dù kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò wà. Ibìkan tí kánsẹ́lọ̀ kan ń gbà kọjá lójoojúmọ́ ni. Ṣé ó yẹ kó gba ọdún méjìdínlógún kí ẹnìkan tó kà á? Àwọn tó ń ṣírò owó láti Abuja kò lè rí ohun tí ẹni tó ń gbé àdúgbò rí. Ojú olójú kò lè dà bí ojú ẹni.

Àpò owó kan tún wà tí mi ò tíì gbọ́ kí kánsẹ́lọ̀ kankan dárúkọ rẹ̀. Láti 1971 ni Industrial Training Fund ti wà, Jos ni olú iléeṣẹ́ rẹ̀. Kọ́ńpìnnì tó bá ní òṣìṣẹ́ márùn-ún sókè, tàbí tí ọjà tó ń tà lọ́dún bá tó mílíọ̀nù 50 náírà, gbọ́dọ̀ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò yẹn, kí wọ́n lè máa fi kọ́ ènìyàn níṣẹ́. Ẹ ka iye kọ́ńpìnnì tó wà ní Àgbárá, ní Ọ̀tà, ní Ìkẹjà, ní Olúyọ̀lé, ní Flowergate lẹ́bàá wa níbí. Gbogbo wọn ni owó yìí kàn. Ẹ̀kọ́ wo ló ń ti ibẹ̀ padà wá bá ọmọ tó ń gbé ẹ̀yìn ògiri kọ́ńpìnnì náà? Ìbéèrè kánsẹ́lọ̀ nìyẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ yíyẹ ìkọ́ṣẹ́ wò le jù fún yín. Àwọn bàbá wa ti ń ṣe é. Nígbà tí wọ́n bá mú ọmọ wá sọ́dọ̀ ọ̀gá níṣẹ́ wa, wọn kì í mú un wá lásán. Òbí a wá, onígbọ̀wọ́ a wá, a ó kọ ìwé àdéhùn, a ó kọ iye ọdún sí i, ọ̀gá a fọwọ́ sí i, òbí a fọwọ́ sí i. Láàrin ọdún, òbí á máa yà wò ó. Mo rántí ìyá oníkọ́kọ́ kan tó máa ń dé ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ lọ́jọ́ ọjà, á gbé igbá kalẹ̀, á ní kí ọmọ òun fi ohun tó kọ́ lọ́sẹ̀ yẹn han òun. Kò mọ̀ nípa iná rárá. Á kàn wo ọwọ́ ọmọ náà, bó ṣe ń ho wáyà, bóyá ó ń gbọ̀n tàbí kò gbọ̀n, á wá wo ojú ọ̀gá. Ọ̀gá wa bẹ̀rù obìnrin yẹn ju ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ iná lọ.

Bí ọdún bá pé, ẹgbẹ́ ló máa rán àgbà wá. Wọn á ní kí ọmọ náà ṣe iṣẹ́ kan lójú àwọn, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, ọ̀gá kò sì gbọdọ̀ lanu sọ̀rọ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ kò bá tíì mọ́ ọn, wọn á fi oṣù kún oṣù, wọn á sì bá ọ̀gá wí pé kí ló ń fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe. Ìgbà tó bá tó yege ni a tó ń ṣe fírídọ̀mù, tí a ó gbé irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́, tí a ó ṣàdúrà fún un. Mo mọ̀ pé ètò yìí ní àléébù tirẹ̀. Àwọn ọ̀gá kan ń sọ ọmọ di ọmọ ọ̀dọ̀, ọmọ á máa fọ mọ́tò ìyàwó ọ̀gá dípò kó máa kọ́ṣẹ́. Síbẹ̀, ìgbàkígbà ni ẹnìkan ń bẹ tó lẹ́tọ̀ọ́ láti wọlé béèrè pé ọmọ yìí ńkọ́. Nínú gbọ̀ngàn ọjọ́ mẹ́rin yẹn, ta ni onígbọ̀wọ́ àwọn àádọ́rin ọmọ náà? Ẹ̀yin ni, ẹ̀yin kánsẹ́lọ̀ wa. Ẹlòmíràn kò sí.

Mo ti gbọ́ ohun tí àwọn kan nínú yín máa sọ. Ẹ ó ní gómìnà ló di yín lọ́wọ́, pé àkáǹtì àjùmọ̀ní ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ló ń jẹ owó yín, pé kánsẹ́lọ̀ tó bá béèrè ọ̀rọ̀ jù kì í rí tíkẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́ẹ̀kejì gbà. Mi ò ní sọ pé irọ́ ni. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti dájọ́ ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Keje ọdún 2024 pé kí wọ́n máa san owó ìjọba ìbílẹ̀ tààrà fún wọn, pé gómìnà kò sì gbọdọ̀ fi ìgbìmọ̀ àfúnrayàn rọ́pò àwọn tí ìlú dìbò yàn. Gbogbo wa la mọ ibi tí ìdájọ́ náà ti ń há lọ́fun. Àmọ́ ìbéèrè bíbéèrè kò gba owó. Kò gba àṣẹ gómìnà. Ó gba pépà, òǹtẹ̀ ilé ìgbìmọ̀ yín, àti ẹni tó máa gbé e lọ.

Òótọ́ ni pé ẹ kò lágbára láti fi ìwé ìpè gbé ọ̀gá àjọ ìjọba àpapọ̀ wá síwájú yín. Ohun tí ẹ lè lò ni òfin ẹ̀tọ́ láti rí ìròyìn gbà, Freedom of Information Act ti 2011. Ẹnikẹ́ni ló lè fi kọ̀wé, kò tiẹ̀ ní láti sọ ìdí tó fi ń béèrè, ọjọ́ méje sì ni òfin fún iléeṣẹ́ ìjọba láti fèsì. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ti ń sọ tipẹ́ pé òfin náà kò kan àwọn. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ pa wọ́n lẹ́nu mọ́ ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, ó ní gbogbo ìpínlẹ̀ ló kàn. Bí ará ìlú lásán bá lè kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ilé ìgbìmọ̀ odindi kò lè kọ ọ́?

Ẹ má béèrè pé ètò mélòó ni wọ́n ṣe. Wọ́n á fi àwo fọ́tò dá yín lóhùn. Ẹ béèrè orúkọ àwọn ọmọ wọ́ọ̀dù yín tí wọ́n kọ́, kí ẹ lè rìn lọ bá wọn nílé. Ẹ béèrè pé irinṣẹ́ mélòó ló wà fún ọmọ mélòó, wákàtí mélòó ni ọmọ kọ̀ọ̀kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ẹ béèrè ẹni tó kọ́ wọn, àti ibi tí òun náà ti kọ́ iṣẹ́. Ẹ béèrè iye tí wọ́n ná sórí ẹ̀kọ́, kí ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára iye tí wọ́n ná sórí gbọ̀ngàn, oúnjẹ, ẹ̀wù àti àwọn àlejò. Ẹ béèrè pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ta nínú wọn ló ń jẹun nídìí iṣẹ́ náà. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló ṣe pàtàkì jù lójú mi, òun náà ni mi ò sì tíì rí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ rí nínú gbogbo ètò tí mo bá pàdé.

Ẹ má sì dá a ṣe. Ọmọ Ṣàgámù ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹ́nnẹ́, ọmọ Ìsarà ń wá iṣẹ́ wá sí Ṣàgámù, ọmọ Ọbáfẹ́mi-Owódé ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí kọ́ńpìnnì tó wà létí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Àwọn tó ń gbaṣẹ́ kò wo ààlà ìjọba ìbílẹ̀. Bí kánsẹ́lọ̀ mẹ́rin láti ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rin bá jọ jókòó lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, tí wọ́n pe àwọn tó ń gba òṣìṣẹ́, tí wọ́n pe ẹgbẹ́ wẹ́dà, ẹgbẹ́ télọ̀, ẹgbẹ́ mẹkáníìkì àti ẹgbẹ́ ẹlẹ́tírísíànì, ẹnu ọ̀nà kọ́ńpìnnì gan-an ni wọn yóò ti gbọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń wá ènìyàn sí. Mo ti bá òṣìṣẹ́ kọ́ńpìnnì kan sọ̀rọ̀ tó ní ọmọ tó lè tún ẹ̀rọ tútù ńlá ṣe làwọn ń wá, àwọn kò rí i. Lọ́dún yẹn kan náà, ìkọ́ṣẹ́ ọṣẹ olómi ni wọ́n ń gbé kiri ìlú. Ọṣẹ olómi dára. Ọmọ mélòó ló wá fẹ́ máa ta á fún ara wọn?

Ẹ jẹ́ kí ìpàdé náà ṣí sílẹ̀ fún ará ìlú, kí ẹ lẹ èsì tí wọ́n bá fún yín mọ́ ara ògiri sẹkitéríàtì, kí ẹni tó ń wá gba ìwé ọjọ́ ìbí lè kà á. Kí ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá pẹ̀lú. Bí wọn kò bá fèsì, ẹ kọ ìyẹn náà sára ògiri.

Bí ẹ bá fẹ́ ẹni tó máa bá yín wo irinṣẹ́, tó máa sọ fún yín bóyá ẹ̀kọ́ ọjọ́ mẹ́rin tó fún iṣẹ́ kan tàbí kò tó, èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí a ti fẹ̀yìn tì wà níbí. A kò ní gba kọ́bọ̀. Ọmọbìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́tírísíànì kan báyìí; ìyá rẹ̀ ló san owó ìkọ́ṣẹ́ náà nínú owó ògì. Ó ní kí n sọ fún yín pé bí ẹ bá pe òun, òun máa wá sọ ohun tí ojú òun rí, òun á sì mú sàtífíkéètì náà dání.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ ìlú,

Olùkọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná tó ti fẹ̀yìn tì, Ṣàgámù